Ọmọ ajá wo ló lè bá ehoro gbé nínú ilé kan?

Ìyá Àdùkẹ́ (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kó tó di ìjà nínú ilé. Ọmọ mi obìnrin ní ehoro kan, akọ ni, funfun báláú tí etí àti imú rẹ̀ dúdú. Ó ti tó ọdún méjì lọ́dọ̀ wa. Kì í ṣe ehoro ọbẹ̀ o, ọ̀rẹ́ ọmọ ni. Lọ́sàn-án, inú àgò rẹ̀ lẹ́yìnkùlé ló máa ń wà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á wọ pálọ̀ wá, á máa yí po ẹsẹ̀ gbogbo wa.

Olè ti wá ń yọ àdúgbò wa lẹ́nu báyìí, bàbá wọn sì ti fárígá: ajá ni òun máa mú wálé. Mi ò lè bá a jiyàn, òun náà ló ń dìde lóru nígbà tí wọ́n bá figbe ta. Àmọ́ látìgbà tọ́mọ ti gbọ́ ni kò ti jẹun dáadáa mọ́.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Ọkọ mi kékeré, àbúrò bàbá wọn tó wà lọ́nà Kétu, ọdẹ ni. Ajá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó ní ká wá mú ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnì kan ní Kútọnu ń ta ọmọ ajá Jámánì, iye tó pè é ò ṣeé gbọ́ sétí. Ẹ̀kẹta ni ti ìyá àgbà kan nítòsí ọjà Wàǹdó, ajá ilé lásán ni tirẹ̀, ó bí mẹ́rin, wọn ò tíì já lẹ́nu ọmú. Èwo ni kí n gbà? Àbí kò sí èyí tó dáa nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Ọmọ Wàǹdó

Ìyá wa, ehoro ọlọ́dún méjì! Ẹ jẹ́ ká fi tòótọ́ tòótọ́ sọ ọ́, ìkòkò ló yẹ kẹ́ ẹ máa wá, ẹ fi ajá sílẹ̀ 😀

Ìyá Àdùkẹ́ (Àjàṣẹ́)

Tí ọmọ mi bá fi lè ka ohun tó o kọ yìí, ìwọ ló máa kọ́kọ́ bù jẹ kí ajá tó dé.

Ọlọ́sìn Kétu

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ìyá. Ehoro ni mò ń sìn níbí, ajá sì wà nínú ọgbà kan náà pẹ̀lú wọn, ohun tí mo fojú rí ni mo fẹ́ sọ. Àwọn tó ń wá irú ajá bẹ́ẹ̀, ìran ajá ni wọ́n máa ń bèèrè. Ìyẹn náà dáa, mò ń bọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ohun tí èmi máa ń kọ́kọ́ wò ni ìyá ajá láàárín adìyẹ.

Ẹ lọ sílé ìyá àgbà yẹn láàárọ̀, nígbà tí wọ́n bá ń da àgbàdo fún adìyẹ. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ wo ìyá ajá yẹn. Bí adìyẹ bá gba iwájú rẹ̀ kọjá tí kò gbórí sókè, bí òròmọdìyẹ bá ń ṣa oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ rẹ̀ tó kàn yíjú sápá kan, ẹ ti rí nǹkan. Ẹ dúró kí adìyẹ sáré, torí ìrìn lásán ò sọ nǹkan púpọ̀, eré ló ń jí ajá. Tí adìyẹ bá sáré tí ajá ṣì jókòó, ẹ ti rí nǹkan ńlá. Ṣùgbọ́n tó bá dìde, tó na ọrùn, tó rẹ ara sílẹ̀, tí ojú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ adìyẹ kan ṣoṣo, tí ìrù rẹ̀ ò mì mọ́, ẹ dìde kẹ́ ẹ máa lọ sílé, bó ti wù kí ọmọ rẹ̀ rẹwà tó.

Ní ti ìran: inú gbogbo ajá ni ọdẹ wà. Á tẹjú mọ́ ẹran, á yọ́ tẹ̀ lé e, á lé e, á gbá a mú, á gbọ̀n ọ́n títí ẹ̀mí á fi bọ́. Látọjọ́ pípẹ́ làwọn òyìnbó ti ń yan àwọn ajá tí apá kan iṣẹ́ yìí le lára wọn ju apá yòókù lọ. Terrier, gbígbámú àti gbígbọ̀n ni tirẹ̀, eku ni wọ́n fi ń pa. Beagle, torí ehoro gan-an ni wọ́n ṣe sìn ín. Greyhound, ohun tó bá ṣáà ti sáré lójú rẹ̀ ló máa lé. Labrador máa ń gbé ẹyẹ tí ọdẹ yìnbọn fún wá láì fi eyín ya á, wọ́n ní ẹnu rẹ̀ rọ̀; síbẹ̀ ara rẹ̀ wúwo, eré lásán ló lè fi ṣẹ́ ehoro lẹ́yìn. Ajá Jámánì tí ẹ dárúkọ, ajá darandaran ni ní ìpìlẹ̀ṣẹ̀, títẹjú mọ́ ẹran àti lílé ẹran ló mọ̀. Ó lè má bu ehoro jẹ rárá, àmọ́ ehoro tí wọ́n ń lé yípo ọgbà lójoojúmọ́ ò ní pẹ́ kú, ẹ̀rù nìkan tó o pa. Ẹ fi owó yín sápò.

Ajá ilé tiwa ò ní ìwé ìran lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kà. Tẹ́ ẹ bá lè rí bàbá rẹ̀, ẹ ka ìyẹn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá ajá ní Àjàṣẹ́, gbogbo àdúgbò ló ni ín.

Ọmọ Ọdẹ (Ṣábẹ̀)

Abẹ́ òkè Ṣábẹ̀ níbí ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi ò fi ọdẹ ṣeré. Ẹ má mú ọmọ ajá ọdẹ. Kì í ṣe pé ó burú o, kò sí ajá tó gbọ́ràn tó o. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń rí i. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n bá ti sun igbó, ajá tó ń wọ inú koríko lé òyà jáde, tó ń hú òkété, òun ni wọ́n máa ń fi ọmọ rẹ̀ pamọ́. Èyí tó bá ń wo òyà tó sì padà wá jókòó, ta ló ń bèèrè ọmọ rẹ̀? Bàbá ọdẹ, ìyá ọdẹ, ìyá ìyá ọdẹ. Kí ọmọ náà tó ríran dáadáa, wọ́n á ti máa wọ́ awọ òyà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, wọ́n á máa yìn ín tó bá gbá a mú. Ẹ wá gbé e síwájú ohun tó nírun, tó ń jẹ koríko, tó ń fò fẹ̀rẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe?

Ọ̀rọ̀ tó kù ni bẹ́ ẹ ṣe máa dá ọkọ yín kékeré lóhùn. Ẹ má sọ pé ajá rẹ̀ ò dáa, ọdẹ ò ní gbàgbé ìyẹn. Ẹ ní inú ìlú há, pé irú ajá bẹ́ẹ̀ ò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń so mọ́ igi. Òótọ́ sì ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú ẹran (Abomey-Calavi)

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Ọjọ́ orí ṣe pàtàkì gan-an. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 títí dé ọ̀sẹ̀ 12 sí 14, ojú ọmọ ajá ṣí sílẹ̀ sí gbogbo ohun tó bá bá nílé ayé: èèyàn, ewúrẹ́, ariwo ọ̀kadà, ehoro. Ohun tó bá mọ̀ nígbà yẹn ló máa kà sí ará ilé. Lẹ́yìn ìyẹn, àjèjì ni ohun tuntun máa ń jẹ́ lójú rẹ̀. Ìdí nìyí táwọn darandaran ilẹ̀ Yúróòpù fi máa ń kó ọmọ ajá aṣọ́gbà wọn sáàárín àgùntàn láti nǹkan bí oṣù 2. Nítorí náà, ẹ mú un ní ọ̀sẹ̀ 8, ẹ má jẹ́ kó ju ọ̀sẹ̀ 10 lọ. Ẹ má sì yára mú un kó tó pé ọ̀sẹ̀ 8, kódà bí ìyá àgbà bá ní kẹ́ ẹ máa gbé e lọ. Ara ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló ti ń kọ́ bí ajá ṣe ń fi ẹnu mú nǹkan láì ṣe é léṣe. Tó bá bù wọ́n jẹ jù, wọ́n á han, wọn ò ní bá a ṣeré mọ́. Ehoro kì í han kó tó bàjẹ́.

Oògùn aràn kó tó wọlé, àti lẹ́yìn tó bá wọlé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, ti dìgbòlugi ní ọ̀sẹ̀ 12. Ẹ má fi ti dìgbòlugi ṣeré, ọmọdé wà nílé yín.

Èyí wá ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ sára ògiri: oògùn eégbọn tí wọ́n ń pè ní fipronil, tí wọ́n máa ń fọ́n sára ajá tàbí kán sí i lẹ́yìn ọrùn, májèlé ni fún ehoro. Tí wọ́n bá fi í sára ajá, ajá àti ehoro ò gbọdọ̀ fara kanra títí yóò fi gbẹ dáadáa, ọjọ́ kan tàbí méjì ni kẹ́ ẹ fún un. Ẹ má sì dán an wò láé láti fi èyí tó ṣẹ́ kù pa eégbọn ara ehoro. Bákan náà, oògùn amoxicillin tí wọ́n bá fún ajá lò, ẹ má fún ehoro mu. Ó máa ń ba inú rẹ̀ jẹ́ títí dójú ikú.

Ẹ tún máa wo oúnjẹ ehoro lọ́sẹ̀ tí ajá bá dé. Inú ehoro kì í dúró. Tí ẹ̀rù bá bà á tó fi kọ oúnjẹ, tẹ́ ẹ ò sì rí ìgbẹ́ rẹ̀ fún bíi wákàtí 12, ẹ má sọ pé á jẹ tó bá di ọ̀la. Ẹ pe dókítà ẹran.

Ìyá Àdùkẹ́ (Àjàṣẹ́)

Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á wò yín. Ti ọ̀nà Kétu ti kúrò nílẹ̀ nìyẹn, ti Kútọnu náà sì ti lọ, bàbá wọn ò tiẹ̀ sunkún rẹ̀ nígbà tó gbọ́ iye owó. Ìyá àgbà Wàǹdó ní ká kúkú mú méjì kí wọ́n lè máa bá ara wọn ṣeré. Bàbá wọn sì ní tí ajá bá ti ṣe ohun tí kò dáa sí ehoro, pàṣán lòun máa fi kọ́ ọ. Ẹ bá mi dá sí méjèèjì.

Ìyá Alájá (Pọ́bẹ̀)

Méjì kẹ̀! Ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn a máa pa ọ̀bọ. Ajá kan tó ń wo ehoro, ẹ lè pè é kó dá yín lóhùn. Tí wọ́n bá di méjì, ọ̀kan á fò, èkejì á tẹ̀ lé e, kí ẹ tó pe orúkọ wọn tán ọ̀ràn ti bẹ́. Ọ̀kan péré. Ìkìlọ̀ yìí kan àwọn ọmọdé tí wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́ fún ajá tó ń lé nǹkan náà o.

Ti pàṣán: ẹ bá mi bẹ bàbá. Ajá tí wọ́n ń nà nígbàkigbà tó bá wo ehoro, ohun tó máa kọ́ ni pé níbi tí ehoro bá wà ni ìyà ti ń jẹ òun. Á máa ṣe jẹ́jẹ́ nígbà tí bàbá bá wà nílé. Bàbá á sì jáde lọ́jọ́ kan.

Bí a ṣe ń ṣe é nílé mi nìyí. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí òórùn wọn mọra. Aṣọ tí ehoro sùn lé, ẹ gbé e síbi tí ọmọ ajá ń sùn. Aṣọ ọmọ ajá, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ fọ́jọ́ mélòó kan kí ojú tó kan ojú. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fojú kan ojú, kí ehoro wà nínú àgò, kó ní àpótí tó lè sá wọ̀. Kí ọmọ ajá wà lórí okùn ní ìpẹ̀kun yàrá, kó ti sáré rẹ̀ tán níta, kó ti yàgbẹ́, kí ebi má sì pa á. Ẹ rún ẹja gbígbẹ sọ́wọ́. Tó bá wo ehoro tó sì yíjú wò yín, kíá, ẹja. Tó bá wò ó tó sì jókòó, ẹja. Tó bá tẹjú mọ́ ọn débi pé ó gbọ́ orúkọ rẹ̀ kò yíjú, ẹ ti sún mọ́ ọn jù nìyẹn. Ẹ má jágbe, ẹ kàn fà á sẹ́yìn títí tó fi máa gbọ́ yín. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó. Ẹ fi í sílẹ̀ nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì ń lọ dáadáa.

Tí ọmọ ajá bá tẹ àyà sílẹ̀, tó gbé ìdí sókè, tó ń ju ìrù, eré ló ń pè é sí. Ajá ẹgbẹ́ rẹ̀ á mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ehoro ò mọ̀ ọ́n, ohun tó ń rí ni ohun tó fẹ́ fò mọ́ òun. Ẹ máa wo ara ehoro ju ara ajá lọ. Tó bá ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbá ilẹ̀ gbì, tàbí tó lúgọ tí etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, tí ojú rẹ̀ là kalẹ̀, ó tó, ẹ gbé ajá jáde. Tó bá ń jẹ ewé ọ̀dùnkún rẹ̀ lọ níwájú ajá, tàbí tó na ara gbọọrọ sílẹ̀, ara ti tù ú nìyẹn.

Bàbá Ìbejì (Sakété)

Mo gbọ́ gbogbo yín, àmọ́ mo fẹ́ takò yín díẹ̀. Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ajá? Ìwà ọmọ ajá ò tíì yọ. Láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan àbọ̀ ni ẹ máa tó mọ ohun tí ẹ gbé wálé. Ẹ wá ajá ọlọ́dún mẹ́ta tó ti bá adìyẹ àti ewúrẹ́ gbé láì pa ọ̀kan, ìwà tirẹ̀ ti hàn sójú ayé. Olè tí ẹ torí rẹ̀ ń wá ajá náà ò ní bẹ̀rù èyí tó ṣì ń sunkún ọmú.

Ọlọ́sìn Kétu

Bàbá Ìbejì, òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yín, pàápàá ti olè. Ohun kan ló wà níbẹ̀: ajá a máa dá ti ilé mọ̀ yàtọ̀ sí ti òde. Mo mọ ajá tí òròmọdìyẹ olówó rẹ̀ ń gun lẹ́yìn, tó sì ń pa adìyẹ aládùúgbò. Àgbà ajá tó mọ adìyẹ ilé ìyá àgbà, adìyẹ yẹn ló mọ̀. Tí kò bá rí ehoro rí, kò sí ohun tó ní kó ka ehoro mọ́ ará ilé. Tí ẹ bá rí àgbà ajá tó ti bá ehoro gbé rí, ẹ gbà á lọ́wọ́ ọ̀tún lọ́wọ́ òsì. Irú rẹ̀ ò wọ́pọ̀.

Ní ti oṣù mẹ́fà tí Bàbá Ìbejì mẹ́nu bà, ìyá, ẹ fi sọ́kàn. Ọmọ ajá tó ti ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò látọjọ́ tó dé lè déédéé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ rìn yí i ká lọ́jọ́ tó bá bàlágà. Tí ẹ bá rí i, ẹ padà sórí okùn àti ẹja gbígbẹ. Àti pé títí láé, ẹ má fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ láìsí olùṣọ́. Ajá tí mo ní níbí ti dàgbà láàárín ehoro, síbẹ̀ ilẹ̀kùn àgò mi kì í wà ní ṣíṣí.

Àlájà (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Nílé tiwa, ajá kì í wọ pálọ̀, ibi tí a ti ń kírun ni. Ìyá Àdùkẹ́, èmi rò pé ẹ̀yin ń mú kí ọ̀rọ̀ tó rọrùn le. Ajá tí ẹ fẹ́ fi ṣọ́ ilé, ìta ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ehoro tí ọmọ ń bá ṣeré, inú ilé ni ìgbádùn rẹ̀ wà. Kí ló dé tó fi jẹ́ ehoro ló ń gbé lẹ́yìnkùlé? Ẹ gbé àgò wọlé, kí ajá gba ẹ̀yìnkùlé, kí wọ́n máa pàdé lábẹ́ ojú yín nìkan.

Ìyá Àdùkẹ́ (Àjàṣẹ́)

Àlájà, ẹ ò ní gbà gbọ́, kò sẹ́ni tó ronú débẹ̀ nínú ilé wa. Páànù lásán la fi bo yàrá tó ṣófo, kò sí àjà níbẹ̀. Ṣé ooru ò ní mú un?

Akẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú ẹran (Abomey-Calavi)

Á mú un, ìyá. Tí ooru bá ti kọjá 30 °C ni ìnira ti ń bẹ̀rẹ̀ fún ehoro, kò sì lè làágùn bíi tiwa, etí rẹ̀ ló fi ń tú ooru dànù. Yàrá onípáànù láìsí àjà lóṣù kẹta, ẹ má gbé e síbẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbà kọjá tí oòrùn ò dé dáa jù. Ẹ rọ omi sínú ìgò, ẹ jẹ́ kó dì nínú fìríìjì, kẹ́ ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án, á lọ fara tì í fúnra rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bi dókítà ẹran nípa títẹ ehoro yín lọ́dàá. Akọ tó ń yí po ẹsẹ̀ yín yẹn, abo ló ń wá. Ọmọ ajá kékeré ló máa gùn lọ́jọ́ tó bá dé, ọmọ ajá á fi eyín dá a lóhùn, kò sì ní jẹ́ ẹ̀bi ajá.

Ẹ má sì jẹ́ kí ajá máa lọ láti ọgbà ọlọ́sìn ehoro mìíràn wá sọ́dọ̀ tiyín. Àrùn tó pa ehoro rẹpẹtẹ lórílẹ̀-èdè Benin tiwa ní 1995, ajá kì í ṣe é, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbé e wọlé bí bàtà ẹnikẹ́ni.

Káfíńtà (Pọ́bẹ̀)

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀, mi ò rí ẹni tó bèèrè irú àgò tó wà nílẹ̀. Ìyá, ṣé wáyà adìyẹ ni wọ́n fi ṣe é, èyí tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lọ́ pọ̀? Adìyẹ lonítọ̀hún wà fún. Ajá tó ti tó oṣù márùn-ún á fi eyín fà á ya láàárín òru kan. Èyí tí wọ́n jó pọ̀ ní oríkèé-oríkèé ni kẹ́ ẹ rà, kí ojú rẹ̀ má gba ọwọ́ ọmọ ajá. Ìkọ́ lásán ò tó fún ilẹ̀kùn, imú lajá máa fi ń ṣí i. Ọ̀pá ìdábùú onírin, kó wọ ihò méjèèjì. Tí àgò bá ga tó ìbàdí yín, ọmọ ajá ò ní lè máa mí sójú ehoro ní gbogbo ìgbà. Àmọ́ tó bá ga, ẹ kàn án mọ́ ògiri, torí ajá tó bá fi ẹsẹ̀ iwájú tì í lè dà á ṣubú.

Inú rẹ̀ lọ̀rọ̀ wà jù. Àpótí ìsápamọ́ gbọ́dọ̀ ní ẹnu méjì. Ehoro tó bá wọ ihò ẹlẹ́nu kan tó sì rí imú ajá lẹ́nu ọ̀nà, ó ti há nìyẹn, á bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹsẹ̀ mọ́ pákó, ibẹ̀ ló ti lè ṣẹ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn. Kí apá kan ilẹ̀ àgò sì jẹ́ pákó, wáyà nìkan máa ń dá egbò sí i lẹ́sẹ̀.

Ìyá Àdùkẹ́ (Àjàṣẹ́)

Ẹ̀yin ará, mo ti lọ wò wọ́n o. Èmi àti ọmọ la lọ, a sì dé ibẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bọ́ adìyẹ bí Ọlọ́sìn ṣe wí. Ìyá ajá náà sùn sẹ́bàá àdògán, adìyẹ ń ta ekuru sí i lára. Àkùkọ méjì bẹ̀rẹ̀ ìjà, wọ́n fò lé e lórí, ó kàn dìde, ó lọ sùn síbòmíràn. Inú mi dùn.

A mú aṣọ tí ehoro ń sùn lé dání. Nígbà tí a tẹ́ ẹ sílẹ̀ láàárín àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, akọ kan tó pọ́n gbá a mú lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń kùn, ó ń gbọ̀n ọ́n sọ́tùn-ún sósì títí a fi fipá gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀kan sá wọ abẹ́ àpótí ìjókòó, kò jáde mọ́ títí a fi lọ. Ọ̀kan kàn ń sùn, ikùn rẹ̀ rí rọ̀ǹdọ̀, mo sọ fún ìyá àgbà pé kó wá oògùn aràn fún un. Abo kan tí ọrùn rẹ̀ funfun gbóòórùn aṣọ náà, ó sín, ó wá ń jẹ okùn bàtà ọmọ mi. A so okùn mọ́ aṣọ, a fà á. Òun náà lé e, mi ò purọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ mi pàtẹ́wọ́ pè é, ó fi aṣọ sílẹ̀, ó ń bọ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ọmọrí ìkòkò bọ́ lulẹ̀. Ó fò sẹ́yìn, ó dúró, ó tún padà wá gbóòórùn ọmọrí yẹn.

Ọmọ mi ti fún un lórúkọ lójú ẹsẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ti parí lápá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ sọ tiyín.

Ọmọ Ọdẹ (Ṣábẹ̀)

Akọ tó pọ́n yẹn, ẹ ní kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ fún ọkọ yín kékeré.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú ẹran (Abomey-Calavi)

Abo ọlọ́rùn funfun náà ni èmi náà máa mú. Ẹ kàn mọ̀ pé àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ máa ń ya èyí tó le jù àti èyí tó bẹ̀rù jù sọ́tọ̀ ni, kò lè sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Èyí tó sá wọ abẹ́ àpótí pàápàá kì í ṣe ẹni pẹ̀lẹ́ bí àwọn èèyàn ṣe máa ń rò, ajá tí ẹ̀rù ń bà máa ń bu èèyàn jẹ. Ẹ bi ìyá àgbà ní ọjọ́ tó bí wọn gan-an, kẹ́ ẹ ka ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ látibẹ̀.

Ọlọ́sìn Kétu

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ fi aṣọ yẹn sílẹ̀ fún ìyá àgbà, kó jẹ́ kí àwọn ọmọ ajá máa sùn lé e títí ẹ ó fi wá mú tiyín. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń mú un bọ̀, ẹ má gbé e gun zémidjan (ọ̀kadà akérò) láàárín ariwo ọjà. Ẹ lọ ní àárọ̀ kùtù, kẹ́ ẹ fi àpẹ̀rẹ̀ tó ní ìdérí gbé e.

Ìyá Àdùkẹ́ (Àjàṣẹ́)

Mo ti gbọ́. Bàbá wọn gbà pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àgò máa wà. Ó tiẹ̀ ti lọ ra ẹja gbígbẹ. Káfíńtà, wáyà adìyẹ tẹ́ ẹ sọ yẹn gan-an ló wà lára àgò wa. Èló lẹ máa gbà láti ṣe tuntun?

Káfíńtà (Pọ́bẹ̀)

Ẹ kọ́kọ́ fi okùn wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn fún mi, gígùn rẹ̀ àti ìbú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń wọlé. Kí ehoro lè fò lẹ́ẹ̀mẹta kó tó kan ògiri, kó sì lè fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró láì forí kan òrùlé, ìyẹn ni mo fi ń ṣírò. Tí mo bá ti rí ìwọ̀n, màá sọ iye pákó, wáyà ni kẹ́ ẹ fúnra yín rà ní Wàǹdó kó má dà bíi pé mo ń jèrè lórí rẹ̀.